Rílè pọ́ńpù epo: tuntun, tòkunbọ̀, rílè dúdú ọjà, àbí kí wọ́n sódà ti tẹ́lẹ̀?

Rílè tó ń gbé iná fún pọ́ńpù epo kò ju páálí ìṣáná lọ. Nínú ọkọ̀ mìíràn, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá kọ iṣẹ́, stata á máa yí, ẹ́ńjìnnì kò ní gbà, bẹ́ẹ̀ epo kún táńkì. Ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣòfò, nítorí pọ́ńpù ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, pọ́ńpù ló sì wọ́n.

Tó bá wá jẹ́ rílè lóòótọ́, tí ẹ dé Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ọjà Gate n'Ìbàdàn, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa kó síwájú yín: èyí tuntun tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti òkè òkun dé, àti rílè dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó kún inú ike bí ẹ̀wà. Rìwáyà yín lè fi ẹ̀kẹrin kún un, pé kí òun sódà ti tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á fi ẹ̀karùn-ún kún un, pé kí òun kúkú dà á sí dáírẹ́ẹ̀tì, kí iná máa lọ bá pọ́ńpù láìgba inú rílè.

Mi ò ní fi èrò mi pamọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti inú ọkọ̀ yín mu ni mo máa mú ṣáájú tuntun tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan wà tí sódà dára jù fún, àwọn kan sì wà tí rílè dúdú ọjà gan-an ló tọ́ sí. Irú ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ èyí tí ẹ máa rà. Dáírẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò yẹ ọkọ̀ kankan.

Kí ẹ tó yọ owó

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì ta stata. Kí ẹnì kan fi etí sí ìdí ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú Honda, Golf àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, pọ́ńpù á kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì dákẹ́. Tó bá kùn, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí kò bá kùn, ó lè jẹ́ rílè, ó lè jẹ́ fíúsì, ó lè jẹ́ wáyà tàbí pọ́ńpù fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi èyí dá Toyota àtijọ́ lẹ́jọ́ o. Camry Orobo kì í kùn àfi ìgbà tí stata bá ń yí, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á torí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ra pọ́ńpù tí kò nílò. Orobo yìí kan náà ní àpótí kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí. Ẹ ṣí i, ẹ wo àkọlé inú ìdérí, ẹ fi wáyà kékeré so ihò FP mọ́ ihò +B, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ON. Iná á yà kọjá lẹ́bàá rílè lọ bá pọ́ńpù tààrà. Tí pọ́ńpù bá kùn, ara rẹ̀ dá. Ẹ padà sọ́dọ̀ rílè tí Toyota ń pè ní C/OPN. Ẹ yọ wáyà yẹn kúrò lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Fún àwọn ọkọ̀ tí rílè wọn tò sínú fíúsì bọ́ọ̀sì (àpótí fíúsì), àyẹ̀wò tó dára jù jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì pọ́ńpù, 15 tàbí 20 ampere ló sábà máa ń jẹ́. Tí kò bá jó, ẹ wá rílè mìíràn nínú àpótí yẹn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti pọ́ńpù mu, ti fèrè ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ti fèrè sí ipò pọ́ńpù, kí ẹ gbé ti pọ́ńpù sí ipò fèrè. Bí ọkọ̀ bá ta tí fèrè kò sì dún mọ́, ẹjọ́ ti parí.

Ẹ má jẹ́ kí ìró "kà" tó ń dún lára rílè tàn yín. Ìró yẹn ń sọ fún yín pé kọ́ìlì rẹ̀, wáyà wíwé tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹnu tí iná ń gbà kọjá nínú ikùn rẹ̀ lè ti jó di èédú, kó sì máa dún "kà" lọ ní tirẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tó ń fi tracker sára ọkọ̀ máa ń gé wáyà tó ń lọ sí pọ́ńpù, wọ́n á fi rílè tiwọn há àárín rẹ̀, kí wọ́n lè ti orí fóònù pa ọkọ̀ bí olè bá gbé e. Ọkọ̀ tèmi kú lójú ọ̀nà Ìwó n'Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan. Wọ́n fà á dé ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì ní pọ́ńpù ló lọ. Mo sanwó, ó pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ta. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún kú. Rìwáyà àgbà kan ló wá ní kí n fara balẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ibi ẹsẹ̀ awakọ̀, ó ń tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń wá orí òwú, títí ó fi fa rílè kan jáde tí wọ́n fi téèpù dúdú wé láti orí dé ìdí. Ó tú téèpù náà. Ike tó yí ẹsẹ̀ 30, èyí tí iná bátìrì ń gbà wọlé, ká ti pọ́n bí ẹ̀yìn àkàrà tó jóná, ẹsẹ̀ náà ń mì nínú rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Òórùn ike sísun ṣì ń rùn lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní, "èyí ò bá ọkọ̀ wá láti ilé. Wọn ò tiẹ̀ sódà wáyà ẹ̀, wọ́n kàn lọ́ ọ pọ̀ ni."

Pọ́ńpù àkọ́kọ́ tí mo ti gbé fún ẹni tó ń ra àlòkù irin kò ní àrùn kankan. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi pé stata ń yí, ọkọ̀ ò gbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni: "Ṣé tracker wà lára rẹ̀? Ṣé ẹ ní kọ́tọ́ọ̀fù kankan tó ń gé iná, tí wọ́n fi pamọ́?"

Ohun tí wọ́n kọ sára rílè

Rílè dà bí ilẹ̀kùn tí iná kékeré ń ṣí fún iná ńlá. Ẹsẹ̀ 85 àti 86 ni ti kọ́ìlì, iná tó ń gba ibẹ̀ kì í sábà tó ìdá kan nínú márùn-ún ampere kan. Bí iná yẹn bá ti wọlé, kọ́ìlì á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra, ẹsẹ̀ 30 tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì bọ̀ á sì kan 87 tó ń lọ bá pọ́ńpù. Èyí tó bá ní ẹsẹ̀ márùn-ún ní 87a pẹ̀lú, òun ni 30 ń fara kàn nígbà tí rílè bá wà láìṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn alátracker sábà máa ń gbé wáyà pọ́ńpù gbà. Ìlànà àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń pè ní DIN 72552 ló fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lélẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lára rílè láti ilé iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra. Toyota sábà máa ń lo tirẹ̀: 1 àti 2 fún kọ́ìlì, 3 àti 5 fún ibi tí iná ńlá ń gbà.

Pọ́ńpù ọkọ̀ kékeré sábà máa ń fa ampere 4 sí 8. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tajà bá ń yangàn pé tòun jẹ́ 40 ampere, ìyẹn kọ́ ni wàhálà yín, rílè 20 tó jẹ́ ojúlówó tó o gbé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ẹnu inú rẹ̀ ṣe lágbára tó, nítorí pọ́ńpù jẹ́ mọ́tò, iná máa ń ta pàrà níbi tí irin méjèèjì ti ń kan ara wọn ní gbogbo ìgbà tó bá tan tàbí tó bá kú.

Tí rílè bá jó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ẹ ní kí rìwáyà fi mítà wọn iye iná tí pọ́ńpù ń fà. Nínú ọkọ̀ kékeré, tó bá ti kọjá 10, pọ́ńpù ló ń pa rílè, kò sí èyí tí ẹ máa rà tí kò ní jó. Àwa awakọ̀ la sì sábà máa ń fa èyí lọ́wọ́ ara wa. Epo inú táńkì ló ń mú kí pọ́ńpù tutù, ẹni tó bá ń fi iná epo pupa rìn lójoojúmọ́ ń se pọ́ńpù rẹ̀ ni. Epo burúkú náà wà níbẹ̀. Ẹ ó rántí oṣù Èrèlé 2022 tí epo tí methanol ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ wọ ìlú, tí àwọn onímọ́tò ké pé ọkọ̀ àwọn ń kọṣẹ́.

Tuntun àti tòkunbọ̀

Bí tuntun bá jẹ́ ojúlówó, kò sí èyí tó tó o. Ẹnu inú rẹ̀ kò tíì fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan rí. Denso, Omron, Bosch àti Hella wà lára àwọn tó ń ṣe rílè fún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ayédèrú ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ fi èékánná ha lẹ́tà ara rẹ̀: tó bá ń ṣí kúrò, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e lé ọwọ́ kan, kí ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ lé ìkejì. Ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́, nítorí wáyà kọ́ìlì inú rẹ̀ kéré. Ẹsẹ̀ rílè tó dára sábà máa ń jẹ́ bàbà tí wọ́n fi tánganran (tin) bò, mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Orí ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti dán an wò o, torí irin wà nínú ikùn rẹ̀ tó máa fa mágínẹ́ẹ̀tì bó ti wù kó rí.

Tòkunbọ̀ ní ẹ̀rí kan tí tuntun ọjà kò ní: ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ló fi sínú ọkọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ kò mọ ọdún mélòó ló ti fi ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n tí mo máa ń dá ni pé mi ò kì í béèrè rílè pọ́ńpù. Ẹ gbé ti inú ọkọ̀ yín dání, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ ní kó yọ ti fèrè tó ní nọ́ńbà kan náà fún yín lára fíúsì bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà láàyè ni rílè pọ́ńpù fi ń ṣiṣẹ́, ti fèrè kì í ṣe ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ lójúmọ́, pàápàá níbi tí wọ́n kì í ti í fọn fèrè bíi tiwa. Ojúlówó ni méjèèjì, ìkejì kò kàn tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀ ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí àwọ̀ ewé bá hù sí i, omi ti wọ inú ọkọ̀ yẹn, bóyá ọkọ̀ ìkún omi ni. Tó bá dúdú tàbí tó ní àwọ̀ búlúù bí irin tí wọ́n fi iná yan, ó ti gbóná kọjá ààlà. Ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì ta kọ́ìlì rẹ̀ níbẹ̀, kí mítà wà lórí ẹsẹ̀ méjì yòókù. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Tó bá ń kà ju ohm kan lọ, ẹnu rẹ̀ ti jó. Ẹni tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ dán an wò ti dá yín lóhùn.

| | Ibi tó dára sí | Ibi tí ẹ ti máa ṣọ́ra |
|---|---|---|
| Tuntun ojúlówó | Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ lò pẹ́, tí ẹ sì mọ ẹni tó ń tà á | Ayédèrú, owó |
| Tòkunbọ̀ | Toyota, Nissan, Honda láti 2003 | Ọkọ̀ ìkún omi, ẹsẹ̀ tó ti jó |
| Rílè dúdú ọjà | Ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kò sí tàbí tó ti bàjẹ́ | 24 volt, ipò ẹsẹ̀, dáyóòdù |
| Sódà | Honda àtijọ́ | Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é |

Rílè dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin

Kò sí rìwáyà tí kò ní i lápò. Ó rọ̀gbọ̀, ó wà káàkiri, tó bá sì jẹ́ pé ó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yín wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú á máa wò ó pé kò sí wàhálà. Wàhálà mẹ́ta wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, inú ike kan náà ni wọ́n ń kó ti ọkọ̀ kékeré 12 volt àti ti tírélà 24 volt sí. Ti 24 lè máà dún rárá nínú ọkọ̀ yín, ó sì lè dún láàárọ̀ kó má dún lọ́sàn-án tí kọ́ìlì rẹ̀ bá ti gbóná. Ẹ ka ara rẹ̀ fúnra yín.

Ìkejì ló burú jù, òun ni mo sì rí tí àwọn èèyàn kì í mẹ́nu kàn. Oríṣi méjì ni ìlànà ipò ẹsẹ̀ àwọn rílè yìí. Nínú oríṣi kan, 30 wà níbi tí 86 wà nínú èkejì. Méjèèjì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà mu. Ẹ lè ti èyí tí kò tọ́ bọ̀ ọ́ kó sì wọlé láìjanpata, kí iná bátìrì wá gba inú kọ́ìlì lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Nítorí náà, àwòrán kékeré tí wọ́n yà sára rílè náà ni kí ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ìrísí kò tó ṣe ẹ̀rí.

Ìkẹta, àwọn rílè kan ní dáyóòdù nínú, ohun tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, àwòrán ọfà kékeré tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì ló ń fi hàn. Irú èyí ní ibi tí pọ́sítíìfù gbọ́dọ̀ bá wọlé. Bí wọ́n bá fi 85 àti 86 rẹ̀ dípò ara wọn, dáyóòdù á di ọ̀nà tààrà fún iná, fíúsì lè jó, ibi tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, fi ń pàṣẹ fún rílè náà lè jó pẹ̀lú. Brain box kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà ní iye owó rílè.

Àwọn kan á tún gé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kúrò kí tiwọn lè wọ̀ ọ́. Ẹ má gbà. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Wáyà tí wọ́n bá ti gé tí wọ́n sì lọ́ pọ̀, ibẹ̀ ni ìgbóná máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ibi tí mo ti máa fi ọwọ́ ara mi mú rílè dúdú ni Jeep Grand Cherokee àti Dodge Durango ọdún 2011. Nínú àwọn yẹn, inú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní TIPM ni rílè pọ́ńpù wà, wọ́n sódà rẹ̀ mọ́ pátákó, ẹ kò lè fi ọwọ́ yọ ọ́. Ní 2014, ilé iṣẹ́ náà pe àwọn ọkọ̀ yìí padà ní Amẹ́ríkà nítorí rílè yẹn ń kú, ọkọ̀ kì í ta tàbí ó ń kú lójú ọ̀nà. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé rílè mìíràn sí ìta àpótí. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Nàìjíríà ní tòkunbọ̀. Tí wọn kò bá tíì ṣe èyí sí tiyín, rìwáyà tó mọṣẹ́ lè ṣe é: rílè 12 volt tó dára, sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, fíúsì tirẹ̀, wáyà tó nípọn tó, àṣẹ brain box sì ni yóò máa tan án. Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ló yà á sọ́tọ̀ sí dáírẹ́ẹ̀tì.

Golf kò ní kí ẹ ronú jìnnà. Nọ́ńbà wà ní orí rílè: 167 fún Golf 3, 409 fún Golf 4. Nọ́ńbà tí ẹ bá yọ ni kí ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òmíràn "máa ṣiṣẹ́".

Honda àtijọ́: sódà borí tòkunbọ̀

Níbí ni mo ti yí ohun tí mo sọ lókè padà. Accord àti Civic àwọn ọdún 1990 ní rílè méjì nínú àpótí kan ṣoṣo lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, PGM-FI main relay ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan ń gbé iná fún brain box, ìkejì ń gbé e fún pọ́ńpù. Àìsàn rẹ̀ ní àmì tí kò ṣeé ṣì mú: ọkọ̀ ta dáadáa láàárọ̀, ẹ páàkì sínú òrùn, ẹ lọ ra nǹkan lọ́jà, ẹ padà dé, kò gbà. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ dúró kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó tún ta. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ayé, wọ́n ní àwọn kan ló ń bá ọkọ̀ náà jà. Ooru ni.

Ẹ yọ àpótí náà, ẹ fi sukudiráífà tín-ínrín ṣí ìdérí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ yí ẹ̀yìn pátákó inú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ẹ̀kán òjé tó ń dán, ẹsẹ̀ kan ló yọ láàárín ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kánjú. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi awò sí i tó bá ṣeé ṣe. Níbi tó ti bàjẹ́, ẹ ó rí ìlà dúdú tín-ín-tín tó yí ẹsẹ̀ náà po bí òrùka, bí ẹni pé wọ́n fi irun orí kan ṣoṣo yí i ká. Ìlà yẹn ni òjé tó ti sán. Tó bá tutù, ó ń kan ẹsẹ̀. Tí òrùn bá mú un wú, àlàfo á yọ, iná á já.

Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún rédíò tàbí fóònù ṣe, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń jó rédíétọ̀. Oògùn tí àwọn yẹn fi ń mú òjé lẹ̀ ní ásíìdì nínú, á máa jẹ pátákó náà lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ilé. Kí ó fa òjé àtijọ́ kúrò lórí gbogbo ẹsẹ̀ ńlá, kó fi tuntun sí i. Èyí tí ẹ rí pé ó sán nìkan kò tó, torí ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn.

Ìdí tí mo fi sọ pé ó borí tòkunbọ̀ nìyí: tòkunbọ̀ tí ẹ máa rí rà ti tó ọmọ ogún ọdún ó lé, òjé inú rẹ̀ náà ti fẹ́ sán. Owó tí ẹ máa san fún un, àìsàn ti tẹ́lẹ̀ ni ẹ fi rà. Ti yín tí wọ́n sódà dáadáa á pẹ́ jù ú lọ. Tuntun ojúlówó dára, tí ẹ bá rí i.

Láti Accord 2003, èyí tí a mọ̀ sí End of Discussion, rílè náà ti di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ sódà ti kúrò níbẹ̀. Ẹ padà sí tòkunbọ̀ tàbí tuntun.

Dáírẹ́ẹ̀tì

Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gbà á. Ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà, ilẹ̀ ń ṣú, rìwáyà ní òun á so 30 mọ́ 87, ọkọ̀ á sì ta lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni, á ta.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí rílè yẹn ń ṣe fún yín láìsọ̀rọ̀. Brain box ń gbọ́ yíyí ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, á gba àṣẹ padà lọ́wọ́ rílè, pọ́ńpù á kú, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà ní ON. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́, bí airbag bá ti tú, pọ́ńpù á dákẹ́ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan tí páìpù epo já, nǹkan yìí ló ń dá epo dúró kó má baà máa tú sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè má lágbára láti na ọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́. Pọ́ńpù dáírẹ́ẹ̀tì kò ní dúró dè é, á máa da epo lọ ni. Ọmọ wa ń jókòó sórí táńkì yẹn, lẹ́yìn ọkọ̀. Mi ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní àtúnṣe.

Fún àyẹ̀wò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó yàtọ̀: wáyà tó ní fíúsì 15 láàárín, fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí wọ́n sì yọ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú bá yín lójú ọ̀nà, rílè fèrè wà nínú fíúsì bọ́ọ̀sì yín. Ẹ lọ sílé láìní fèrè.

Fífi sí i

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ orí négétíìfù bátìrì. Òkè tààrà ni kí ẹ fa rílè sí, ẹ má fi irin gbọ̀n ọ́n. Kí tuntun tó wọlé, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ihò kan bá ti pọ́n, tàbí tí ẹsẹ̀ rílè wọ inú rẹ̀ láìsí ìfúnpá kankan, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni kí ẹ pààrọ̀, èyí tó bá wáyà rẹ̀ wá láti ara tòkunbọ̀ dára. Rílè tó dára nínú ihò tó ti là, á jó bíi ti àkọ́kọ́.

Tí ọkọ̀ bá ti ta, ẹ wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dúró, ẹ fi ìka kan orí rílè náà. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ife tíì tí ẹ ti mu dé ìdajì kò burú. Tí ẹ bá ní láti yọ ìka kíá, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ padà lọ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì.